Báàgì méjì, ọmọ 63, àti ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi sí

Ó máa ti tó aago kan òru nígbà tí fídíò yẹn wọlé sórí WhatsApp mi. Ẹni tó fi ránṣẹ́, ìyá ọlọ́mọ bíi tèmi ni, ọmọ tiẹ̀ náà ní cerebral palsy, CP la máa ń pè é láàrin ara wa, kò sì kọ nǹkan kan sí i ju "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo èyí" lọ. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ó nà sílẹ̀ lórí mátì, ọrùn ẹ̀ ò dúró, wọ́n wá fi dírípù sí i lọ́wọ́, fídíò gé, nígbà tó máa padà ọmọ yẹn ti dìde dúró, ó di ọwọ́ ìyá ẹ̀ mú, ó gbẹ́sẹ̀. Mo kà á. Ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo tún un wò, á tó ẹ̀ẹ̀méje, mo ti pa ohùn ẹ̀ kó má baà jí ọmọ mi tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹsẹ̀ tiẹ̀, tó máa ń kọ ara wọn bíi sísọ́ọ̀sì tó bá lajú, ti dẹ̀ pẹ̀lẹ́ torí ó ń sùn. Ìyá ọlọ́mọ CP máa mọ ohun tí mò ń sọ, tí wọ́n bá ti sùn, gbogbo ara tó le á rọ̀, ẹ ó kàn máa wò ó, á máa ṣe yín bíi pé tí ilẹ̀ bá mọ́ á kàn sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì máa rìn lọ.

Stem cell ni wọ́n ní àwọn fún ọmọ inú fídíò yẹn.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí. Mo ti ka nǹkan tó pọ̀ nípa ẹ̀, èyí tí kò bá yé mi mo máa ń bi físíò wa, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ọmọ mi bó ṣe máa lo ara ẹ̀, àti dókítà kan tó ní sùúrù fún mi gan-an, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí òbí kan ò ní bi mí pé "ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?" ìdáhùn ẹ̀ kìí sì í ṣe nǹkan tí mo lè sọ tán lórí fóònù nígbà tí mo bá ń wọ bàtà fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe àwọn ọmọ wa. CP kìí ṣe àìsàn tí èèyàn ń kó, kìí sì í ṣe nǹkan tó ń jẹ ọpọlọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ ọmọ ló fara pa nígbà tó ṣì ń dàgbà, ó lè jẹ́ nínú oyún, ó lè jẹ́ lásìkò ìbí, ó lè jẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn ẹ̀: kí atẹ́gùn má dé ọpọlọ tó, kí ọmọ wáyé láìpé oṣù, kí jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun wọ̀ ọ́ lára jù láìtètè tọ́jú, kí mẹnińjáítìsì mú un, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan dí lórí ẹ̀ látinú ikùn. Ibi tó fara pa yẹn kò ní fẹ̀ sí i, àmọ́ bí egungun bá ṣe ń gùn, iṣan tó le ò ní lè bá a gùn, ibẹ̀ ni gìgísẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ilẹ̀. Dókítà kan tó ń jẹ́ William John Little ti sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1861 pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ wọn le gbagidi, ìbí wọn ló nira tàbí kó jẹ́ pé oṣù wọn ò pé. Láti 1861 o! Tèmi ò ké nígbà tí mo bí i. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́, ohun tí mo mọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì tó ti ń bá mi ṣeré látàárọ̀ dákẹ́ lójijì, kò sì wo ojú mi mọ́.

Ó dáa. Stem cell wá ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì awọ ti di awọ, ti iṣan ti di iṣan, àmọ́ èyí ṣì lè pín ara ẹ̀ kó sì di oríṣi mìíràn. James Till àti Ernest McCulloch ló fi hàn ní Toronto ní 1961 pé irú ẹ̀ wà nínú mùdùnmúdùn egungun, tó ń bí gbogbo oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ, èyí tí wọ́n máa ń gbé dànù pẹ̀lú ibi, ó kún fún un. Ní 1988, ní Paris, Eliane Gluckman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun obìnrin kan, wọ́n fà á sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin lára, ọmọ tí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fanconi anaemia fẹ́ pa, ọmọ yẹn sì yè. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń lò ó fún àrùn ẹ̀jẹ̀, kìí ṣe àlá, ìtọ́jú gidi ni.

Àmọ́ ẹ dúró o, àrùn ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tó dáa rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ìyẹn yé èèyàn. Ọpọlọ ńkọ́?

Ohun tí èmi rò tẹ́lẹ̀ nípé wọ́n máa gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú orí ọmọ mi, bí ẹni tún irúgbìn gbìn síbi tí ti àkọ́kọ́ ò ti hù. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí rò náà nìyẹn, àwọn tó ń tà á sì mọ̀ pé ohun tá a rò nìyẹn. Kìí ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi dírípù fà sójú iṣan, púpọ̀ ẹ̀ á há sínú ẹ̀dọ̀fóró kó tó lọ síbòmíì, díẹ̀ ló ń dé ọpọlọ, ìwọ̀nba tó dé ibẹ̀ gan-an kìí pẹ́. Kí ló wá ń ṣe? Ohun tí wọ́n rí lára àwọn ẹranko nínú láàbù nípé sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń tú àwọn kẹ́míkà kan jáde, kẹ́míkà yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ń pẹ̀tù sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ, microglia lorúkọ wọn, tí wọ́n ṣì ń bínú lẹ́yìn tí ìjàǹbá ti kọjá, ó sì ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ̀rá bo okùn ọpọlọ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lè dé ẹsẹ̀ láìjò dànù lọ́nà. Ó dà bí àgbà kan tó gbọ́ ariwo ìjà nílé aládùúgbò, tó wọlé, tó bá wọn sọ̀rọ̀, tí ìjà rọlẹ̀, tó sì bá tiẹ̀ lọ. Kò wá gbé níbẹ̀. Ọjọ́ tí èyí yé mi ni mo ti mọ̀ pé tó bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, ibi tó ti kú ò ní jí, ohun tá a lè máa retí ni pé kí èyí tó ṣẹ́kù lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ geere.

Ní 2010 ni ìwádìí gidi bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ọmọ CP ní Amẹ́ríkà, James Carroll ní Augusta ní Georgia, Joanne Kurtzberg ní Duke University ní North Carolina. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n lò, tí àwọn òbí ẹ̀ ti fi pamọ́ sínú ìtutù láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, torí náà ara ọmọ ò ní bá a jà.

Ti Duke yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, 2017 ni wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde. Ọmọ 63, láti ọdún 1 sí 6. Báàgì méjì ló wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọdún kan sì ló wà láàrin báàgì kìíní àti ìkejì. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ẹ̀ nínú, ìkejì ò ní sẹ́ẹ̀lì kankan, omi lásán ni ká sọ pé ó jẹ́. Àwọn kan kọ́kọ́ gba ti sẹ́ẹ̀lì, àwọn kan kọ́kọ́ gba omi. Ìyá ò mọ̀, bàbá ò mọ̀, físíò tó ń wọn ọmọ ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ti fi sínú ìtutù máa ń ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní DMSO, ó ní òórùn tiẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á sí i lára, wọ́n wá fi DMSO yẹn sínú báàgì omi náà kí òórùn má baà tú àṣírí.

Mo máa ń ronú nípa ìyá kan nínú yàrá yẹn. Ó gbé ọmọ sórí itan, ó di apá tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí mú kó má baà fà á yọ, ó ń wo bó ṣe ń kán, tó, tó, tó, kò mọ̀ bóyá ìrètí ló ń kán àbí omi. Ó padà sílé, ó ń ṣọ́ ọmọ. Ọmọ di nǹkan mú, ó pariwo pè bàbá ẹ̀ wá wò ó. Èmi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Gbogbo ìyá tó gbé ọmọ wọn sílẹ̀ fún irú ìyẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, torí àwọn ló jẹ́ ká mọ ìwọ̀nba tá a mọ̀.

Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n fi àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì wé àwọn tó gba omi. Tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, kò sí ìyàtọ̀.

Orí fóònù ni mo ti ka ìlà yẹn, níbi tí mo ti ń dúró de físíò wa, ọmọ mi wà lẹ́sẹ̀ mi, ojú mi kàn ṣú ni. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni mi ò tètè rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó padà lọ kà á dáadáa kó tó yé mi pé kìí ṣe pé àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì ò gbé nǹkan kan ṣe. Àwọn ọmọ tó gba omi náà ń tẹ̀síwájú ni! Ọmọ ń dàgbà. Ọmọ CP náà ń dàgbà. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n ni GMFM-66, nǹkan 66 ni físíò máa ní kí ọmọ ṣe, láti orí kí ó yí ara ẹ̀ padà lórí mátì, kó jókòó láìfọwọ́ti, kó rá, kó dúró, títí dé orí kó fò lórí ẹsẹ̀ kan, á fún un ní máàkì láti 0 sí 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Rosenbaum àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà ti fi ìwọ̀n yìí tẹ̀ lé ọmọ CP 657, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2002, ohun tí wọ́n rí nípé àwọn ọmọ yìí máa ń yára kọ́ lílo ara wọn ní kékeré, tó bá fi máa di nǹkan bí ọdún 5 ọ̀pọ̀ wọn ti dé ibi tó sún mọ́ òkè agbára wọn, àwọn tí tiwọn le jù á ti débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 3. Nítorí náà tí ẹ bá fún ọmọ ọdún 2 ní ohunkóhun lónìí, kó jẹ́ omi, tí ẹ bá padà wá wò ó lẹ́yìn ọdún kan, ó máa ti yàtọ̀.

Mo dìde, mo lọ mú ìwé kékeré mi. Kìí ṣe nǹkan ńlá, ìwé tí físíò wa ní kí n máa kọ nǹkan sí ni láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà lọ́mọ ọdún 2. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ ọ́ sí: jíjókòó láìfọwọ́ti, sẹ́kọ́ńdì 4. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 6. Ó ṣàìsàn, ó padà sí 3. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, 19. Ọwọ́ òsì, tó máa ń di ẹ̀ṣẹ́ tó sì máa ń fi àtàńpàkò pamọ́ sínú, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó la ìka mẹ́ta láti gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Láàrin ọdún yẹn, kò sí stem cell kankan tó wọ ara ọmọ mi. Ká ní mo ti tẹ̀ lé fídíò yẹn, ká ní mo ti yá owó tí mo fẹ́ yá, ó dá mi lójú bí ojú ọjọ́ pé èmi náà ò bá máa fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn ìyá mìíràn ní aago kan òru, mi ò ní parọ́, ohun tí mo rí ni mi ò bá máa sọ. Iṣẹ́ ọmọ mi àti iṣẹ́ físíò ni mi ò bá gbé fún dírípù.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí dòní.

Kò wá túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ o. Nínú ìwádìí Duke kan náà, nígbà tí wọ́n wo iye sẹ́ẹ̀lì tó wọ ara ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó gba mílíọ̀nù 20 ó kéré tán fún kílò kan ara wọn ṣe ju bí wọ́n ṣe retí pé ọmọ irú wọn á ṣe. Ẹ rọra mú èyí, torí ẹ̀yìn tí èsì àkọ́kọ́ ti jáde ni wọ́n pín wọn bẹ́ẹ̀, irú nǹkan yẹn ìbéèrè tuntun ló máa ń jẹ́, kìí tíì ṣe ìdáhùn. Ní Kòríà Gúúsù, èsì tiwọn jáde ní 2013, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n lò, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ̀ ọ́, àti oògùn mìíràn tó ń jẹ́ erythropoietin, pẹ̀lú físíò lójú méjèèjì. Ọmọ 96 ló parí ẹ̀, ní oṣù kẹfà àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ pẹ̀lú oògùn yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tó gba erythropoietin láìsí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àtàwọn tó ṣe físíò nìkan lọ. Ní 2016 Iona Novak àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ọsirélíà kó ìwádìí 5 pọ̀, èèyàn 328 ló wà nínú gbogbo ẹ̀, ohun tí wọ́n rí kéré, ìgbà kúkúrú ló sì jẹ́, àmọ́ kìí ṣe òfo. Nígbà tó di 2025, wọ́n tún kó dátà ìwádìí 11 lórí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ jọ, ó wá túbọ̀ hàn pé ó ń ran lílo ara lọ́wọ́ díẹ̀, pàápàá fún àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí àtàwọn tí CP wọn ò le jù. Díẹ̀ ni mo ní o. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò dúró máa sáré, ìyẹn ò sí nínú ìkankan nínú wọn.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn náà wà, èyí tí James Thomson yọ nínú ọlẹ̀, ìyẹn oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní 1998, àti èyí tí Shinya Yamanaka ní Jàpáànì fi sẹ́ẹ̀lì awọ lásán ṣe, ti eku ní 2006, ti èèyàn ní 2007. Ìwọ̀nyẹn lè di ohunkóhun nínú ara, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù sì wà, torí ohun tó lè di ohunkóhun lè di kókó tí a ò fẹ́. Ọmọkùnrin kan láti Ísírẹ́lì, kìí ṣe CP ló ṣe é, àrùn ọpọlọ mìíràn ni, wọ́n gbé e lọ sí Moscow láti 2001, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láti ara ọmọ inú oyún sí i lórí àti lọ́pá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọdún 4 wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ ẹ̀ àti lọ́pá ẹ̀yìn ẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sí i ló hù bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà tó tọ́jú ẹ̀ kọ ọ́ síta ní 2009 kí gbogbo ayé lè mọ̀. Ní Jámánì náà, wọ́n ti ilé ìtọ́jú kan pa ní 2011 lẹ́yìn tí ọmọ kékeré kan ti kú níbẹ̀. Mi ò kọ èyí láti dẹ́rù bani. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tí wọ́n fi dírípù fà yàtọ̀ gan-an sí kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ wọ ọpọlọ, nínú àwọn ìwádìí tí mo sọ yẹn kò mú wàhálà ńlá wá. Àmọ́ àwọn tó ń tà á kìí fi ìyàtọ̀ sí i, "stem cell" náà ni gbogbo ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Mo pe nọ́mbà abẹ́ fídíò yẹn nígbà yẹn o, ẹ má rò pé mi ò pè é. Ọkùnrin kan ló gbé e, ohùn ẹ̀ tutù, ó ti ń pè mí ní Màmá kí n tó sọ orúkọ. Mo bi í pé sẹ́ẹ̀lì ta ni? Ó ní èyí tó dáa jù ni. Mo ní mélòó fún kílò kan? Ó ní dókítà ló máa mọ ìyẹn nígbà tí mo bá san owó. Mo ní ta ló ń wọn ọmọ kí ẹ tó fún un àti lẹ́yìn tí ẹ bá fún un, ṣé ẹni yẹn mọ ọmọ tó gbà á àtèyí tí kò gbà á? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń fẹ́ kí ọmọ yín rìn àbí ẹ ò fẹ́?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún. Irú ìbéèrè yẹn, ẹni tó bá bi ìyá ọlọ́mọ CP ní irú ẹ̀ ti mọ ibi tó ń tẹ̀.

Ohun kan wà tí mo tún fẹ́ sọ fún àwọn ìyá tó ń kọ̀wé sí mi pé àwọn ò fi ìwọ́ pamọ́, pé àwọn ló fọwọ́ ara àwọn ba tọmọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹrù yẹn kalẹ̀. Èmi náà ò fi pamọ́, wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú ibi, ní wákàtí yẹn ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí n gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n ti ń gbìyànjú ti ẹlòmíì báyìí: ní Ọsirélíà, àwọn ará Murdoch Children's Research Institute fún ọmọ CP 12 ní ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n wọn tó bá tiwọn mu, ìyẹn kọ́kọ́ wò ó ni bóyá ara gbà á, ara sì gbà á.

Ọmọ mi ti lé lọ́dún 7 báyìí, ó ti kọjá ọjọ́ orí tí ìwádìí Duke ìgbà yẹn ń gbà. Tí ìwádìí kan bá tún ṣí tó gba irú ẹ̀, tó ní báàgì méjì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ èyí tó wà nínú ẹ̀, màá fọwọ́ sí i, màá sì jókòó sínú yàrá yẹn màá máa wò ó bó ṣe ń kán. Mo ti sọ fún bàbá ẹ̀. Ó ní òun náà á wá.

Lálẹ́ àná a ṣe ti jíjókòó, eteetí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lára itan. Mò ń kà á lókè ketekete torí ó fẹ́ràn kó máa gbọ́ ọ. Ní 30 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní 38 ó tẹ̀ sí ọ̀tún, mo na ọwọ́, ó ní "má dì mí mú," ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ èyí já geere, ó sì tún ara ẹ̀ ṣe, ó padà sáàrin. Ó ṣubú sórí ìrọ̀rí ní 52. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń mí helehele, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé.